Àmùrè Tó Kúrú

"Ẹ gbé àmùrè ọkọ mi fún mi. Àbí ẹ fẹ́ kó lọ dúró níwájú Ẹlẹ́dàá rẹ̀ láìsí ohun tó so mọ́ ìdí?"

Ohùn Ìyá Ìjọ Felicia ti kún inú tésàn náà dé ẹnu ọ̀nà. Láti òdìkejì káńtà ló ti ń na ìka sí Sájẹ́ǹtì Mosúnmọ́lá Owólabí nímú, alàgbà mẹ́fà nínú sùtánà funfun sì tò sẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn láìwọ bàtà, ẹrẹ̀ Okokomaiko dé wọn lọ́rùn ẹsẹ̀.

"Màmá, ẹ mú ohùn yín wálẹ̀," ni Mosúnmọ́lá wí. "Aṣọ tí wọ́n fi fún èèyàn lọ́rùn pa kì í ṣe ohun tí à ń wé sínú bébà fún ẹbí kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ẹ̀rí ni. Ibí ló máa wà."

"Ẹ̀rí ta ni? Ṣebí ẹ ti mú ẹni tó pa á. Ahunṣọ yẹn fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lòun hun ún."

"Ó ní òun hun ún. Kò ní òun pa á."

"Ìwọ ọmọdé yìí," alàgbà kan gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ìyá, "nínú ìjọ tiwa, wòlíì kì í wọlẹ̀ láìsí àmùrè nídìí. Lọ́la la fẹ́ sin ín. A mọ ilé ọ̀gá yín. A sì mọ ilé ọ̀gá ọ̀gá yín."

"Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, sà, ẹ bá mi kí wọn."

Kọ́ńsítébù tó jókòó sí kọ̀rọ̀ fi fìlà bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa yọ. Alàgbà náà ya ẹnu láti fèsì, àmọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ẹ̀yìn ti ṣí.

"Mosúnmọ́lá," ni DPO wí. "Wọlé."

Ọ̀gá Ìgè, DPO wọn, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti gbó sẹ́nu iṣẹ́ ni. Ó ku oṣù mẹ́jọ kó fẹ̀yìn tì, ohun tó sì ń wá láyé yìí kò ju kí tẹlifóònù orí tábìlì rẹ̀ má dún lọ. Ó ti dún lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí.

"Lọ́la, aago méjìlá ọ̀sán, Sàká ahunṣọ ń lọ sí kóòtù," ó ní. "Wọ́n ti ní kí n di fáìlì tẹ̀ lé e. Ẹjọ́ yìí ti kúrò lọ́wọ́ mi."

"Ọ̀gá, ẹ̀sùn ìpànìyàn nìyẹn. Tó bá ti kúrò níbí, okùn ló kù fún un."

"Mo mọ̀."

"Kò pa á."

"Báwo lo ṣe mọ̀? Nítorí pé ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ?" Ó ti fáìlì iwájú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ò sọ̀rọ̀, èmi ò sì lè bá a sọ ọ́. Bó o bá lè rí nǹkan gidi mú wá kí aago méjìlá ọ̀la tó lù, n ó gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, má bá mi sọ ọ́ mọ́."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wà nínú fáìlì, ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè dá ẹjọ́ rẹ̀. Wòlíì Ẹkúndayọ̀, ẹni tó dá Ìjọ Òkè Ìdáǹdè sílẹ̀, gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà gbáko, ife omi kan lálaalẹ́ ni gbogbo oúnjẹ rẹ̀, nítorí pé lọ́jọ́ keje ni yóò so àmùrè ipò tuntun mọ́ ìdí. Ọjọ́ náà ni Ẹtì tó kọjá. Ó so ó nígbà ìsìn òwúrọ̀. Bí ìsìn ṣe ń parí lọ ni Sàká ahunṣọ já wọlé láti Ìbà, ó dúró láàárín ọ̀ọ́dúnrún èèyàn, ó sì pariwo mọ́ wòlíì lórí pé, "Bọ́ ọ sílẹ̀. Kì í ṣe tìẹ." Wọ́n tì í síta bí ẹni ti ewúrẹ́. Nígbà tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n bá wòlíì níwájú pẹpẹ, ó dojú bolẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń gbàdúrà. Aṣọ náà kò sí nídìí rẹ̀ mọ́. Ọrùn rẹ̀ ló wà.

Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé Dèjì, igbákejì wòlíì, ń wá ipò yẹn fún ara rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Sàká ní "kì í ṣe tìẹ", ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ahunṣọ náà ti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Dèjì, pé ipò ló ń sọ. Nígbà tí ọlọ́pàá sì mú aṣọ náà dé Ìbà, tí wọ́n nà án sí Sàká lójú níbi tó jókòó sí nídìí òfì, ó wò ó, ó ní, "Èmi ni mo hun ún." Láti ìgbà náà, ẹnu rẹ̀ ò là mọ́.

Òfì bàbá Mosúnmọ́lá ni òfì yẹn. Láti Ìsẹ́yìn ni Sàká ti rù ú wá sí Èkó lẹ́yìn tí wọ́n sin bàbá tán, kò sì sí ọdún tí kì í gbé aṣọ òkè kan lọ́wọ́ wá fún àwọn ọmọ ọ̀gá rẹ̀ méjèèjì. Òun ló ń gbé Mosúnmọ́lá kọ́ èjìká lọ sílé ìwé.

Mosúnmọ́lá bá a nínú sẹ́ẹ̀lì níbi tó jókòó sí, tó káwọ́ mọ́ orúnkún.

"Bọ̀ọ̀dá Sàká, lọ́la ni wọ́n ń gbé yín lọ."

"Mo gbọ́."

"Ẹ sọ fún mi, ta lẹ hun aṣọ yẹn fún?"

"Ẹni tó bẹ̀ mí níṣẹ́ ni mo hun ún fún."

"Ẹni náà ò lórúkọ?"

Ó gbójú sókè. Ojú rẹ̀ ti wọnú, àmọ́ kò sí ìbínú níbẹ̀, ohun tó sì ń dẹ́rù ba Mosúnmọ́lá nìyẹn. "Mosún," ó ní, "máa lọ sílé."

*

Kò lọ sílé. Ó wọ yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀rí sí, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì.

Láti ọjọ́ Ẹtì, ọkùnrin mọ́kànlá ló ti fọwọ́ kàn án: alàgbà, ọlọ́pàá, dókítà tó yẹ òkú wò. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ: àmùrè òfì funfun kan, ìlà aró méjì létí. Aṣọ gígùn ni, ó funfun, ìdí wòlíì ló sì wà láàárọ̀. Kí ló tún kù?

Mosúnmọ́lá fi ìgbọ̀nwọ́ wọ̀n ọ́n. Márùn-ún. Ó tún un wọ̀n. Márùn-ún náà ni.

Àmùrè kì í dín sí ìgbọ̀nwọ́ méje. Ó gbọ́dọ̀ yí ìdí po lẹ́ẹ̀mejì, kí kókó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, kí wajawaja rẹ̀ sì já dé orúnkún. Bàbá rẹ̀ hun irú rẹ̀ títí ojú fi ṣú u, òun ọmọdé ló sì ń jókòó tì í tó ń lọ́ wajawaja. Ahunṣọ tó mọṣẹ́ bíi Sàká kò lè fi ìgbọ̀nwọ́ méjì ṣe àṣìṣe.

Ó fi ìka wá ara aṣọ náà láti etí dé etí. Aṣọ òfì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ara rẹ̀ á ṣì le bíi pákó. Èyí ti rọ̀. Ojú kókó kan wà lápá òsì lóòótọ́, àmọ́ kò tíì jinlẹ̀, ti ọjọ́ Ẹtì ni. Ibi tó gbó gan-an ni àárín, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, òwú ibẹ̀ ti là díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan máa ń jókòó síbẹ̀. Etí méjèèjì sì ti wé mọ́ra bí ewé tó gbẹ, bí ẹni pé lójoojúmọ́ ayé ni ẹnì kan ń lọ́ wọn tó sì ń ki ọ̀kan bọ abẹ́ èkejì.

Ó gbé àárín rẹ̀ sí imú. Àdín. Òórùn àdín tí wọ́n ń fi pa ọmọ lára nígbà tí gìrì bá mú un.

Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti gbé aṣọ náà sẹ́yìn ara rẹ̀. Ó fa etí méjèèjì gba abẹ́ apá, ó lọ́ wọn lórí àyà, ó ki ọ̀kan bọ abẹ́ èkejì. Ó ṣe wẹ́kú. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń pọn Ọmọ́bọ́lá, àbúrò rẹ̀, káàkiri Ìsẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ò sì gbàgbé.

Kì í ṣe àmùrè. Ọ̀já ìpọnmọ ni.

Ó jókòó. Ọkùnrin mọ́kànlá, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó pọnmọ rí láyé rẹ̀. Ìdí wòlíì ni wọ́n ti rí i, wọ́n bá fi ipò wòlíì sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ Sàká náà wá yí padà pátápátá. Kò sọ ipò rárá. Ó rí ohun tó hun fún ẹ̀yìn ọmọ nídìí àgbàlagbà ọkùnrin, ó sì ní kó bọ́ ọ sílẹ̀.

Ìbéèrè méjì ló kù. Níbo ni àmùrè gidi wà? Ta ló ni ọ̀já?

*

Inú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìjọsìn ni Dèjì ń gbé. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí Mosúnmọ́lá wọlé, kò sì dìde.

"Ẹ káàsán, Sájẹ́ǹtì. Àlàáfíà kó wà fún un yín."

"Fún ẹ̀yin náà, sà. Níbo lẹ wà láàárín aago méjìlá sí mẹ́rin lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Ìjànìkin. Mo lọ gbàdúrà sí mọ́tò tuntun tí awakọ̀ kan rà."

"Wákàtí mẹ́rin, sí mọ́tò kan?"

"Tòkúnbọ̀ ni," ni Dèjì wí.

Mosúnmọ́lá ò rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wù ú. Ó ti rán kọ́ńsítébù lọ sí Ìjànìkin kó tó wá, ogójì awakọ̀ ló sì jẹ́rìí pé ọkùnrin yìí làágùn sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì títí aago márùn-ún. Kò pa ẹnikẹ́ni. Àmọ́ orí ìjókòó ló ti kí i, obìnrin àlejò sì wà lórí ìdúró, kò sì sún. Ẹni tó mọ̀wà tó báyìí lẹ́nu, kí ló dé tí ìdí rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì?

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Ẹ fi èyí tí kò dùn yín dìde."

Abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì ló wà, wọ́n ká a bí ẹni ká ẹní. Funfun, ìlà aró méjì létí. Mosúnmọ́lá nà án láti ògiri dé ògiri. Ìgbọ̀nwọ́ méje, ara rẹ̀ le gbagidi, kò sí ẹni tó so ó rí.

Ojú Dèjì ti wálẹ̀. "Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo mú un," ó ní. "Mo fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kó má rí nǹkan so ni. Kó dúró síwájú ìjọ lófo, kí ojú tì í. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, Sájẹ́ǹtì. Nígbà tó wá jáde láàárọ̀ pẹ̀lú òmíràn nídìí, mo rò pé Ọlọ́run ló fún un ní tiẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ìdí tí mo ṣe sá lọ sí Ìjànìkin nìyẹn."

"Ẹ mọ ibi tó ti rí òmíràn?"

"Tí mo bá mọ̀, ṣé n bá sá?"

*

Ìrọ̀lẹ́ ti ń bọ̀ nígbà tó dé ilé, òjò Òkudù sì ti ṣú. Ọ̀dọ̀ Ọmọ́bọ́lá àti Túnjí ọkọ rẹ̀ ló ń gbé ní Ìyànà-Ìbà láti oṣù méjì tí wọ́n ti gbé e padà sí Èkó láti Yola. Yola ló wà nígbà tí Ọmọ́bọ́lá bímọ. Lẹ́tà Túnjí ló fi gbọ́, ẹ̀bùn tó fi ránṣẹ́ ló sì ṣojú rẹ̀ níbi ìkómọ. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, lẹ́tà mìíràn dé: ibà ni, ọsibítù ni, wọ́n sapá. Kò fojú kan ọmọ náà rí.

Ọmọ́bọ́lá ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé. Orí ìdúró ló ti ń fọ̀ ọ́, lórí tábìlì, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì mì díẹ̀díẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì.

"Ìbàdí yẹn tún ń dùn ẹ́?" ni Mosúnmọ́lá bi í. "Lọ ra oògùn sí i, mo ti sọ fún ẹ."

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí mi." Kò wẹ̀yìn. "Bọ̀ọ̀dá Sàká ńkọ́? Ṣé wọ́n máa pa wọ́n?"

"Kò sẹ́ni tó máa pa á. Mo ti rí ọ̀nà. Aṣọ yẹn kì í ṣe ti wòlíì, ti obìnrin kan ni. Mo ń wá obìnrin náà."

Omi ń kán láti ara abọ́.

"Tẹ́ ẹ bá rí i ńkọ́?"

"N ó mú un, kí wọ́n tú Bọ̀ọ̀dá Sàká sílẹ̀."

"Ó dáa," ni Ọmọ́bọ́lá wí. Ó to abọ́ náà mọ́ àwọn ìyókù, ó ṣe é jẹ́jẹ́, kò dún. "Ẹ̀kọ wà nínú ìkòkò. Mo fi ẹja tó tóbi sílẹ̀ fún un yín."

*

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Ìyá Ìjọ Felicia nìkan ló bá nínú ilé ìjọsìn, ó ń gbálẹ̀ níwájú pẹpẹ. Mosúnmọ́lá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, ìyẹn sì ṣe iṣẹ́ ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Ó gbé àmùrè gidi lé obìnrin náà lọ́wọ́.

"Ti ọkọ yín nìyí, mà. Ẹ fi sin wọ́n. Dèjì ló gbé e pamọ́."

Felicia fi ọwọ́ ra aṣọ náà títí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, gbogbo ariwo àná ti kúrò lóhùn rẹ̀. "Mo rí i pé èyí tó so kúrú. Mo bi í léèrè. Ó ní Ẹ̀mí ló ní kóun so ó bẹ́ẹ̀."

"Níbo ló ti rí i?"

Felicia ń ká àmùrè náà.

"Màmá, aago méjìlá ni wọ́n ń gbé ẹnì kan lọ. Bí mo bá sọ ohun tí mo rò, ẹ kàn dá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Orí pẹpẹ ló ti mú un."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọ̀já ọmọ kan ni. Ọmọ náà kú."

Felicia jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àmùrè lórí itan. "Ní oṣù kejì ni. Kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, kò sẹ́ni tó bi í lórúkọ, a kàn ń pè é ní Arábìnrin bí a ṣe ń pe gbogbo wọn. Gìrì ló mú ọmọ náà. Ó ní òun fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù, ọkọ mi ní tó bá fi lè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ mímọ́ yìí, ọmọ náà ò ní dé ìta. Ó gbà á gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dúró síbí, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó ń mì í. Ó mì í títí… ó ti kú kó tó mọ̀. Àwa la sọ fún un."

"Ọ̀já wá di ti pẹpẹ."

"Ohun tí ọmọ bá kú sí kì í jáde níbí kó tó pé ọdún kan. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó wá tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ní òun ò ní nǹkan mìíràn tó gbóòórùn ọmọ òun. Ọkọ mi ò fún un." Ó nu imú. "Nígbà tí kò rí àmùrè rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìjọ sì ti pé, ó kàn na ọwọ́ ni. Kò rò ó. Mo fi Ọlọ́run búra, kò rò ó."

"Obìnrin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì."

"Ó wá níbẹ̀rẹ̀ ìsìn, ó sáré jáde, òun àti ahunṣọ ló sì jọ padà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó bo gèlè dé ojú. Ó ń wo ìdí ọkọ mi. Kò sunkún, kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì mì, sọ́tùn-ún, sósì, bí ẹni tó pọnmọ. Ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kí n lè wò ó. Mo lọ se ògì tí ọkọ mi máa fi ṣínu."

Mosúnmọ́lá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń tò ó bó ṣe ń kọ ọ́. Ọkùnrin tí kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́fà, tó dojú bolẹ̀, tí ojú rẹ̀ wà ní dídì. Ìwọ̀n agbára wo ni ẹni tó kúnlẹ̀ sí i lẹ́yìn máa nílò? Tú u nídìí rẹ̀, fà á. Ó lè jẹ́ pé ohun tó wá ṣe náà ò ju pé kó tú u kó sì gbé e lọ. Ó lè jẹ́ pé wòlíì dì í mú.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ èyí látọjọ́ yìí?"

"Ẹ ti mú ahunṣọ," ni Felicia wí. "Tí mo bá sọ ọ́, mo ní láti sọ bí ọmọ yẹn ṣe kú."

*

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá Ìgè, ó tẹ́ ọ̀já náà sórí tábìlì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmí. Ọ̀gá fi ìka kan aṣọ náà láàárín, níbi tó ti rọ̀. Ó bí ọmọ méje. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ẹni tó ni í ló pa á," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Sàká mọ̀ ọ́n. Òun ló hun ún fún un."

"Ó dáa, kó pe orúkọ náà sí mi létí, kí n kọ ọ́, n ó sì fọwọ́ ara mi ṣílẹ̀kùn fún un. Àmọ́ orúkọ ni mo fẹ́. Ìtàn ò lè di mọ́tò kóòtù lọ́wọ́."

Mọ́tò náà ti wà níta, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún. Wọ́n jọ lọ sí sẹ́ẹ̀lì, Ọ̀gá Ìgè pẹ̀lú fáìlì àti báírò, Mosúnmọ́lá pẹ̀lú ọ̀já. Ó kúnlẹ̀ síwájú irin, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí i láti kékeré.

"Bọ̀ọ̀dá Sàká, mo ti mọ ohun tó jẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀já ni. Mo mọ bí ọmọ náà ṣe kú. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ sọ nínú ìjọ àti ìdí tẹ́ ẹ fi sọ ọ́."

Sàká wo ọ̀já náà. "O mọ gbogbo ìyẹn," ó ní, "o ò sì dúró síbẹ̀."

"Orúkọ kan ló kù."

"Jẹ́ kó kù."

"Wọ́n máa so yín rọ̀. Kí lobìnrin náà jẹ́ sí yín? Ẹbí yín ni? Bàbá mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe báyìí tó bá wà láyé."

"Nítorí bàbá rẹ ni mo fi ń ṣe é."

Mosúnmọ́lá rò pé ẹ̀kọ́ bàbá ló ń sọ, pé oníṣẹ́ ọwọ́ kì í tú àṣírí oníbàárà. Inú bí i. "Bàbá mi ti kú," ó ní. "Èmi ni mo wà láyé, èmi ni mo sì kúnlẹ̀ yìí. Mi ò ní dìde. Ẹ pe orúkọ ẹni tó ní kẹ́ ẹ hun ún."

"Mosún, mo bẹ̀ ẹ́."

"Èmi náà bẹ̀ yín. Ta ló ní kẹ́ ẹ hun ún?"

Dẹ́rẹ́bà fọn fèrè níta. Ọ̀gá Ìgè ṣí báírò rẹ̀. "Ìṣẹ́jú kan ló kù, Sàká," ó ní. "Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ aṣọ yìí?"

Sàká na ọwọ́ gba àárín irin, ó mú etí ọ̀já náà, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó ti wé mọ́ra títí tó fi tẹ́jú.

"Lẹ́tà ló kọ," ó ní. "Láti Yola. Ó ní kí n bá òun hun nǹkan dáadáa kan fún ọmọ àbúrò òun, ohun tó bá ti wù mí, kí ọmọ náà lè mọ̀ pé òun ní àǹtí."

Báírò Ọ̀gá Ìgè dúró lórí bébà. "Kí ni orúkọ àbúrò náà?"

"Ọmọ́bọ́lá."

"Ọmọ́bọ́lá ta ni?"

"Owólabí," ni Sàká wí.